Gíríìsì dúdú nínú ẹ̀rọ ata Màámi: oṣù márùn-ún rèé

Igbe bẹ́ríìnì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí n tó fojú kan Màámi rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọjà Ìsìnkàn, mo sì ti mọ̀ pé ẹ̀rọ wa ni. Bẹ́ríìnì, irin rogodo tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, tó bá ti gbẹ kì í dún bí ẹ̀rọ mọ́, ó máa ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ inú oòrùn. Àwọn oníbàárà ti to ike ata wọn kalẹ̀ títí dé iwájú ìsọ̀ ẹlẹ́pọ, kálukú fọwọ́ di etí. Màámi nìkan ni kò bìkítà. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí wọ́n ti ń lọ ata níbẹ̀, wọ́n ní etí àwọn ti kú sí i.

Kí ẹni tí kò mọ̀ mí lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá: olùkọ́ báọ́lọ́jì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Baọkẹ́mísìrì ni mo kà ní FUTA. Owó ata ni wọ́n fi rán mi níwèé, torí náà Màámi ló ni Sátidé mi. Mo máa ń gba owó, mo máa ń bu omi sí ẹ̀wà, mo sì máa ń sáré lọ ra ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá ń fẹ́. Gíríìsì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná.

Bàbá Ìbejì, tó ti ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe láti ìgbà tí mo wà ní JSS 2, gbọ́wọ́ lé ilé bẹ́ríìnì náà, ó sì yára fà á kúrò. Ó ní, "Tíṣà, èyí tí ẹ ń rà yẹn, tó pupa bí epo, yíyọ́ ló ń yọ́. Kó gbóná díẹ̀ báyìí, á ti dà sílẹ̀ bí òrí. Ẹ lọ ra dúdú, èyí tó ní mólì." Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Arákàlẹ̀. Agolo ààbọ̀ kílò, wọ́n ní ₦5,500. Mo ná an títí ẹnu fi bó mi, ọmọkùnrin náà kò yọ ju ₦300 lọ. Ara agolo náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìdá 3 nínú 100 ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ molybdenum disulfide. Òun ni àwọn mẹkáníìkì gé kúrú sí mólì.

Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí dúdú tó ń dán, àfi bíi tìróò. Àwọn ará àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣì í mú. Wọ́n kà á kún òjé, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òjé ni orúkọ molybdenum sì ti jáde. Ọdún 1778 ni Carl Wilhelm Scheele ní ilẹ̀ Sweden tó fi hàn pé kì í ṣe òjé, kì í sì í ṣe ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù. Mo mẹ́nu kan èyí torí pé láti ìgbà tí mo ti sọ fún Màámi pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà, wọ́n ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e fún ọmọ mi mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bi mí nígbà tí mo gbé agolo náà dé ni bóyá ọmọ ìyá kan náà ni òun àti tìróò. Rárá o. Irin ọ̀tọ̀ ni molybdenum, imí-ọjọ́ ló sì bá dàpọ̀ di mólì.

Ní ti iṣẹ́, kí n má purọ́, ó yà mí lẹ́nu. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ là ń ki gíríìsì bọ ẹ̀rọ náà. Mo ní ọ̀nà tí mo fi ń wọn ooru rẹ̀: tí a bá ti lọ nǹkan fún wákàtí méjì, màá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilé bẹ́ríìnì, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Nígbà tí a ń lo pupa, n kì í ka á dé èje tí màá fi ké. Pẹ̀lú dúdú yìí, mo kà á dé ogún, ó sú mi, mo gbọ́wọ́ kúrò fúnra mi. Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni a lò kí a tó tún fi kún un. Igbe ewúrẹ́ náà dákẹ́ pátápátá, débi pé àwọn oníbàárà kan rò pé a ti ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ń bẹ̀rù pé a ó fi owó lé e.

Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ rọrùn láti rí tí ẹ bá ti pọ́n mọ́ínmọ́ín rí. Ẹ to ewé eéran tútù lérí ara wọn, kí ẹ fi ìka ti èyí tó wà lókè. Yóò yọ̀ lọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ní mì. Ewé ni mólì náà. Ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀wọ́ átọ̀mù mẹ́ta: imí-ọjọ́ lókè, molybdenum láàárín, imí-ọjọ́ nísàlẹ̀. Nínú ewé kan náà, wọ́n di ara wọn mú gírígírí. Láàárín ewé kan sí èkejì, ìdìmú yẹn kò tó nǹkan, ni wọ́n bá ń yọ̀ lórí ara wọn bí irin ṣe ń yí. Ewé kan ṣoṣo kò nípọn ju nǹkan bí 0.65 nánómítà. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bí 80,000.

Àbùkù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni àbàwọ́n. Tó bá kan aṣọ, ọṣẹ dúdú ò ràn án, ọṣẹ funfun ò ràn án. Kẹrosíìnì ló mú díẹ̀ kúrò lára ìró Màámi, ìyókù ṣì wà níbẹ̀ bí àpá ilà. Àbùkù kejì ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni. Ìyá Alákàrà kan tó máa ń ti ìhà Ọjà Ọba wá gbé ẹ̀wà bíbó dé, kóńgò méjì, funfun báláú. A lọ ọ́ tán, ó bojú wo inú ike rẹ̀, ó sì pariwo: "Ẹ wá wo nǹkan bí ìlà tìróò lójú ẹ̀wà mi o!" Òótọ́ ni. Ìlà dúdú kan, kò gùn ju ìka mi lọ, ó sùn jẹ́jẹ́ lórí ẹ̀wà náà. Gíríìsì ti gbóná, ó ti rìn gba ara ṣáfúùtù, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ̀rọ, wọ ibi tí oúnjẹ ń gbà. Mo fẹ́ fi ṣíbí gbọ̀n ọ́n dànù, obìnrin náà gbá mi lọ́wọ́. Ó ní a fẹ́ pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn tó ń dúró de ata wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ike tiwọn wò. Màámi ò jiyàn. Wọ́n kúnlẹ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ìyá ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ra ẹ̀wà kóńgò méjì mìíràn, àwa méjèèjì sì bó o títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibi tí a ti ń bó ẹ̀wà yẹn ni wọ́n ti bi mí léèrè. "Ìwọ tó o kàwé, tí èèyàn bá gbé e mì ńkọ́? Níbo ni yóò gbà nínú ara? Ṣé á jókòó síbẹ̀ ni?"

N kò fẹ́ dáhùn bí olùkọ́ tó fẹ́ kí kíláàsì tètè parí. Mo lọ ka ohun tí mo ti gbàgbé, mo tún ka ohun tí wọn kò tíì mọ̀ nígbà tí mo wà ní FUTA. Ohun tí mo padà sọ fún wọn rèé, mo kàn fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i fún ẹ̀yin.

Èyí tó wà nínú agolo yẹn, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìdì ewé ni, kì í ṣe ewé kan ṣoṣo. Ẹyọ kan tí nínípọn rẹ̀ tó máíkírómítà kan péré (ìyẹn ẹgbẹ̀rún nánómítà) ti ní ewé tó lé ní 1,500 lórí ara wọn. Omi kíkan inú ikùn kò lè yọ́ ọ. Púpọ̀ jù lọ nínú irú rẹ̀ tí èèyàn bá gbé mì, ibi tí èèpo ẹ̀wà ń gbà jáde ni yóò gbà. Ibi tí àwọn onímọ̀ sì ti ń ṣe wàhálà ni ti èyí tí wọ́n ti ya tán, tó di ewé ẹyọ kan tàbí méjì mẹ́ta. Wọ́n ń pè é ní ohun oní-ìwọ̀n-méjì: ó gùn, ó fẹ̀, àmọ́ ká kúkú sọ pé kò nípọn. Wọ́n fẹ́ fi irú rẹ̀ gbé oògùn wọ inú ara, wọ́n fẹ́ fi wá àrùn, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń dà tó bá wọlé tán.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi ni pé kò sí ewé tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ìhòòhò rẹ̀ ń pẹ́. Kíá ni àwọn púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ á ti bò ó, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn bí èlùbọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tútù. Aṣọ yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, ń rí. Irú púrótéènì tó bá pọ̀ lára aṣọ náà ló ń sọ irú sẹ́ẹ̀lì tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí náà, ohun kan náà tí wọ́n dà lé sẹ́ẹ̀lì lórí nínú àwo yàrá ìwádìí àti èyí tó gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá lè hùwà bí ẹni méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí.

Tí sẹ́ẹ̀lì bá gbà á, awọ ara rẹ̀ ló máa fi wé e, bí ìgbà téèyàn bá ń pọ́n nǹkan, á sì gbé e wọ inú àpò kan tí wọ́n ń pè ní láísósóòmù. Ikùn sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Wọ́n ń wọn kíkan inú rẹ̀ sí pH 4.5 sí 5. Màámi ò mọ pH, mo ní kí wọ́n tọ́ tòmátì tútù wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Yàtọ̀ sí kíkan, oríṣiríṣi ohun tó ń fi ọ́síjìn jẹ nǹkan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, hydrogen peroxide jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Etí ewé mólì ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ewé náà á máa fọ́, molybdenum inú rẹ̀ á di molybdate, èyí tí omi lè yọ́.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Ṣáínà gbé ìwádìí jáde lórí eku tí wọ́n fún ní ewé mólì sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú ni ewé náà lọ kó jọ sí. Nígbà tó fọ́ níbẹ̀, ara eku náà kò kàn da molybdenum rẹ̀ nù. Ó mú un, ó sì tò ó sínú àwọn ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ (púrótéènì tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tó ń lo molybdenum, bí ẹni tó rí bíríkì nínú ilé tó wó tó sì fi mọ ògiri tirẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ẹ́ńsáìmù náà sì yí padà. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ́ ọmọ nípa ohun àjèjì nínú ara, ọ̀nà méjì ni mo máa ń sọ: kí ara lé e jáde, tàbí kó dó tì í. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí pé ara lè fi àlejò kọ́lé.

Nítorí molybdenum kì í ṣe àlejò sí ara lóòótọ́. Oúnjẹ là ń gbà á. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí àgbàlagbà máa jẹ lójúmọ́ jẹ́ máíkírógíráàmù 45. Ta ló sì ní in jù? Ẹ̀wà! Ẹ̀wà olójú dúdú tí a ń jẹ yìí gan-an, ààbọ̀ ife rẹ̀ tó ti jinná ní nǹkan bíi máíkírógíráàmù 288. Ìyá Alákàrà ń pariwo molybdenum nínú ẹ̀wà tó jẹ́ pé ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀ ló kún fún un.

Mo sọ èyí fún Màámi tìdùnnú-tìdùnnú. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé kí n wá máa fi gíríìsì se ẹ̀wà ni?"

Ìbéèrè yẹn ló tún orí mi ṣe. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì yọ́ tán yàtọ̀ sí ewé tí kò tíì yọ́. Kó tó yọ́, ohun líle ni, ó ní etí, ó lè ru ibi tó bá wà sókè. Bó bá sì yọ́ tán pàápàá, kì í ṣe gbogbo ìbísí ló jẹ́ èrè. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń lo molybdenum ni xanthine oxidase, òun ló ń pèsè uric acid, tí uric acid bá sì pọ̀ jù nínú ara, oríkèé ẹsẹ̀ ló ń bá wí. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, mo ti ń bá ìdá 3 ṣe ẹjọ́ látàárọ̀, n kò wo ìdá 97. Epo ilẹ̀, ọṣẹ lithium tó mú un ki, àti àwọn oògùn tí iléeṣẹ́ pò mọ́ ọn kí irin má baà dípẹtà. Kò sí ẹni tó ṣe ìwọ̀nyẹn fún ẹnu èèyàn. Dúdú ló bà wọ́n lẹ́rù lọ́jà, ó sì lè jẹ́ pé dúdú yẹn ló rọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ṣọ́ọ̀bù, torí inú ń bí mi síbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ béèrè gíríìsì tí kò ní ba oúnjẹ jẹ́, ọmọkùnrin náà pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà na sáṣẹ́ẹ̀tì kan sí mi, ₦3,500, omi dúdú ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ GRAPHENE gàdàgbà sí i lára. Ó ní kí n dà á sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, epo bẹntiróòlù tí a ń jó á dín kù sí ìlàjì. Mo rà á, ẹ bá mi wí. Mo dà á sínú ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ èlùbọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń kọ iye epo tí a rà sẹ́yìn ìwé kálẹ́ńdà, kò yàtọ̀ rárá. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mí ni pé bí mo ṣe ń jáde lọ, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé àwọn kan ń pò ó mọ́ omi mu fún orúnkún.

Ẹ gbọ́, ẹ má mu ún.

Graphene kì í ṣe irọ́. Ewé kábọ̀nù, èròjà inú èédú, ni, átọ̀mù kan ṣoṣo ni nínípọn rẹ̀, nǹkan bí 0.34 nánómítà. Ní 2004, Andre Geim àti Konstantin Novoselov ní Manchester fi téèpù lásán yà á lára ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2010. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé lásán ni graphene. Ẹni tó ń jẹ́ Adé pọ̀ ní Àkúrẹ́, wọn kì í ṣe ọmọ ilé kan náà. Bó ṣe fẹ̀ tó, iye ewé tó wà lórí ara wọn, bóyá ọ́síjìn wà lára rẹ̀, bóyá ó mọ́, ìwọ̀nyẹn ni sẹ́ẹ̀lì ń wò. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà fi hàn pé igun ewé graphene tó mú lè gún awọ sẹ́ẹ̀lì wọlé, kí ìyókù ewé náà sì máa tẹ̀ lé e. Tí ewé bá sì fẹ̀ ju ẹnu sẹ́ẹ̀lì lọ, sẹ́ẹ̀lì á ṣí ẹnu, kò ní lè gbé e mì, kò sì ní lè tu ú. Níbi tó ti ń tiraka, á máa da ohun kíkan inú rẹ̀ sára àwọn aládùúgbò. Ọgbẹ́ tó ń wú nìyẹn.

Ara ṣì ń gbìyànjú, ká má parọ́ mọ́ ọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ kan ní ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní myeloperoxidase. Ìwádìí kan ní 2015 fi hàn pé ó lè jẹ graphene oxide (graphene tó ní ọ́síjìn lára) run, ṣùgbọ́n àfi èyí tó tú ká dáadáa nínú omi. Èyí tó dì pọ̀, ó ń wò ó ni. Nínú eku, wọ́n tọpa graphene oxide tó lọ dúró sí ọlọ inú, sẹ́ẹ̀lì sì ń fọ́ ọ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka èyí: àwọn baba wa tó pè é ní ọlọ inú, kí ni wọ́n rí? Ọlọ ni lóòótọ́, àmọ́ oṣù mẹ́sàn-án rẹ̀ tó oyún. Mólì àti graphene ò jọra lójú sẹ́ẹ̀lì. Bí ti àkọ́kọ́ bá fọ́, ara mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Èkejì, jíjẹ rẹ̀ máa ń pẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò sọ pé wọ́n ti dán an wò lára èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé e jáde ní 2024: ní Edinburgh, èèyàn 14 tí ara wọn le fa graphene oxide símú fún wákàtí méjì, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń wà lójú kan, kò sì sí ìpalára kan gbòógì tó hàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé tó tín-ín-rín gidi, tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n wọn iye rẹ̀, ni wọ́n lò. Sáṣẹ́ẹ̀tì tèmi ò kọ bó ṣe fẹ̀, kò kọ iye ewé, kò kọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù kẹrin 2021, Health Canada, àjọ ìlera ìjọba Kánádà, ní kí àwọn èèyàn yéé lo ìbòmú tó ní graphene nítorí pé wọ́n lè fà á símú. Oṣù keje ni wọ́n tó yẹ̀ wọ́n wò tán, tí wọ́n sì dá àwọn kan padà sọ́jà. Ìbòmú nìyẹn o, tí kò dé ikùn. Ẹni tó ń tà fún orúnkún ò yẹ nǹkan kan wò.

Kí n padà sórí ẹ̀rọ. Bàbá Ìbejì ló sọ fún mi pé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ńláńlá ní gíríìsì tiwọn. Mo wá a títí, wọ́n ń pè é ní H1. Àjọ NSF ní Amẹ́ríkà ló ń fi orúkọ àwọn tó bá yege sínú ìwé. Ìtumọ̀ H1 ni pé bó bá ṣèèṣì kan oúnjẹ, kò burú, kì í ṣe pé kí èèyàn fi jẹ búrẹ́dì. Òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí epo rẹ̀ tó bá ṣèèṣì wọ oúnjẹ kọjá mílígíráàmù 10 nínú kílò kan. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi rà á l'Ékòó, mọ́tò gbé e dé fún mi ní gáréèjì. Agolo kékeré, ₦16,000. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó funfun bí ògì.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ti dúdú, kí á sọ òótọ́. Mo ka ení, èjì lórí rẹ̀, méjìlá ni mo kà dé. Ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá la fi ń fi kún un báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ata ní bẹ́ríìnì méjì, mo sì ti ń ṣe bí ẹni pé ọ̀kan ni. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púlì, níbi tí bẹ́líìtì ti ń fà á, òun ni ooru ń pa jù, oúnjẹ kò sì dé ibẹ̀. Mo fi dúdú síbẹ̀. Èyí tó kan ibi tí ata ń wọlé, mo fọ̀ ọ́ mọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti omi ọṣẹ gbígbóná, lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi funfun sí i. Bàbá Ìbejì gé rọ́bà inú táyà ní rogodo méjì, ó fi há ara ṣáfúùtù kí ohunkóhun má baà rìn gba ibẹ̀ mọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ la kọ́kọ́ lọ nínú rẹ̀, kóńgò mẹ́ta, a dà á nù.

Máàkì mi, gẹ́gẹ́ bí tíṣà: gíríìsì dúdú, 8 nínú 10 fún bẹ́ríìnì ẹ̀gbẹ́ púlì. Mo yọ 2 nítorí ìró Màámi. Fún bẹ́ríìnì tó kan oúnjẹ, òdo. Funfun, 7. Ká ní wọ́n ń tà á ní Àkúrẹ́ ní iye tí ẹlẹ́rọ ata lè rà ni, ìbá gba 9. Sáṣẹ́ẹ̀tì graphene, 1, torí pé wọ́n lẹ ẹnu rẹ̀ dáadáa, kò jò sínú báàgì mi. Ṣọ́ọ̀bù náà, n kò ní dárúkọ wọn, ọjà wọn ò burú tí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ kàn má gba oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta plọ́ọ̀gì.

Ìyá Alákàrà padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ba, ó wo ara ṣáfúùtù yíká, ó fi ìka kan rọ́bà náà, ó tún fi ìka yẹn nu aṣọ funfun tó so mọ́lẹ̀. Aṣọ náà mọ́. Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ lé e. Màámi ti gbé agolo funfun náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò wọn, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i, wọ́n sì nawọ́ sí i fún obìnrin náà: "Gíríìsì tí wọ́n ń jẹ la fi sí i báyìí. Ọmọ mi ló mú un wá láti Èkó." Mo ní, "Màámi, wọn kì í jẹ ẹ́ o." Wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n wá bu omi sí ẹ̀wà, agolo náà sì ti fẹ́ tán.